Nígbà Tí Ilé Ìwòsàn Bá Ní Kí Aláìsàn Máa Lọ Sílé

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọjà ni a sábà máa ń sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara ni a mú wá, nítorí àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí kò lè dìde kò lè dá owó àjẹṣẹ́kù.

Ohun tí ó mú wa sọ ọ́ nìyí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ kan wà láàrin wa tí kò tíì yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó nítorí jàǹbá. Alùpùpù lè gbá ẹnìkan, ẹlòmíràn lè já láti orí igi, ògiri sì lè wó lu bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ a sáré jókòó, wọn a fọwọ́ sí owó, a gbé owó lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà a sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Gbogbo wa a dúpẹ́, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́yìn oṣù méjì ni a óò tún gbọ́ pé egbò ti dá sí i ní ìdí, tàbí pé orúnkún rẹ̀ ti gan tí kò ṣeé ká mọ́, tàbí pé ìtọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ibà sì ti gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Owó tuntun a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà mìíràn, ìsìnkú ni a máa ń lọ ṣe.

Ta ni ó jẹ̀bi? Dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ lè ti ṣe é dáadáa. Àwọn ará ilé pẹ̀lú lè máà fi aláìsàn wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni àárín àwọn méjèèjì, láàrin bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn àti ẹní ilé. Àwọn dókítà kan wà tí ó jẹ́ pé àárín yìí gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. A fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún yín. Lẹ́yìn náà a óò sọ ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe níbi tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò bá sí.

TA NI DÓKÍTÀ ÌMÚBỌ̀SÍPÒ?

Bí ènìyàn bá farapa gidigidi, dókítà tí ó kọ́kọ́ rí i ni yóò dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí yóò to eegun, tí yóò sì rán ibi tí ó ya. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: "Ṣé ẹni yìí yóò yè?" Bí ó bá yè tán, ìbéèrè kejì yọjú: "Báwo ni yóò ṣe máa gbé ayé?" Ṣé yóò lè dìde jókòó? Ṣé yóò lè wẹ̀, kí ó wọ aṣọ, kí ó sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìjẹ́ pé ẹnìkan gbé e? Ṣé yóò tún lè lọ sóko, tàbí kí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀? Dókítà tí ó fi ìbéèrè kejì yìí ṣe iṣẹ́ ni a óò máa pè ní dókítà ìmúbọ̀sípò.

Ẹ má ṣe rò pé òun àti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ẹni tí ń kọ́ iṣan àti oríkèé ní iṣẹ́ padà, jẹ́ ọ̀kan náà. Dókítà ni, tí ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí ó sì tún lo ọdún púpọ̀ sí i lórí ẹ̀kọ́ yìí nìkan. Ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó nílò oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ó nílò àwọn tí ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa wọṣọ àti bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ kan jẹun, àwọn tí ń tún ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá, àti òṣìṣẹ́ ètò ìgbáyégbádùn. Òun ni ó ń pè wọ́n jọ, pẹ̀lú aláìsàn àti ará ilé rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ lè fi í wé alága ìpàdé. Alága kì í gba iṣẹ́ akọ̀wé ṣe, kì í sì gba ti akápò. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, olúkúlùkù yóò máa sọ tirẹ̀ ni.

OGUN NI Ó BÍ IṢẸ́ NÁÀ

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, ọmọ ogun tí ọta ìbọn bá bà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ, kì í sábà pẹ́ láyé. Kì í ṣe ọta náà gan-an ni ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Egbò ìdùbúlẹ̀ ni, àti ìtọ̀ tí ó bàjẹ́ nínú àpò ìtọ̀ tí ó sì ran kíndìnrín. Àwọn mìíràn kú lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ ọta ti jiná.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1944, dókítà kan tí ń jẹ́ Ludwig Guttmann ṣí ibùdó kan fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, nítòsí ìlú Aylesbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Júù ni Guttmann, ilẹ̀ Jámánì ni ó sì ti sá wá ní 1939 nítorí inúnibíni ìjọba Hitler. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ rọrùn létí, ṣùgbọ́n ó le láti pa mọ́: kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru. Ó tún pàṣẹ pé kí ìmọ́tótó wà nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa ìtọ̀. Lẹ́yìn èyí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀ lásán. Iṣẹ́ ọwọ́ wà, eré ìdárayá sì wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣí ìdíje Olympics ní London, àwọn ènìyàn 16 tí ogun ti ṣe léṣe jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n sì ta ọfà ní ìdíje ní ọgbà ilé ìwòsàn náà. Inú eré kékeré yẹn ni ìdíje Paralympics ti jáde, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Rome ní 1960.

Ní Amẹ́ríkà, dókítà Howard Rusk rí irú nǹkan báyìí láàrin àwọn ọmọ ogun òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn a ní ara ọmọ ogun ti yá, wọn a dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní pẹ́ kí ó tó tún dùbúlẹ̀ àìsàn. Rusk rí i pé kò sí ohunkóhun láàrin bẹ́ẹ̀dì àti iṣẹ́ líle. Ó wá ṣètò ẹ̀kọ́ àti eré ìdárayá tí yóò máa mú ara wọn le díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó padà. Ní 1947, àwọn dókítà ilẹ̀ náà gba iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìṣègùn tí ó dá dúró, tí ó sì ní ìgbìmọ̀ ìdánwò tirẹ̀.

Nílé wa níbí pẹ̀lú, ogun kan náà ni ó bí ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó. Ní 1945 ni ó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìjọba amúnisìn, gẹ́gẹ́ bí ibi ìmúbọ̀sípò fún àwọn ọmọ ogun wa tí ó ti ojú ogun farapa bọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa.

ẸNUBODÈ MẸ́RIN

Kí iṣẹ́ dókítà yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á fi akọpẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Igbà rẹ̀ já, ó ṣubú láti orí ọ̀pẹ, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́. Ẹnubodè mẹ́rin ni ọkùnrin yìí yóò là kọjá kí ó tó lè sọ pé òun ti padà.

Ẹnubodè kìíní ni láti ìdí ọ̀pẹ dé ilé ìwòsàn. Kò sí dókítà ìmúbọ̀sípò níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti lè bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Okùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fara pa díẹ̀ ni. Bí ọkùnrin méjì bá gbá akọpẹ náà mú lábẹ́ abíyá àti lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ká a sẹ́yìn takisí, okùn náà lè bàjẹ́ pátápátá. Ohun tí ó yẹ ni kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbọọrọ, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tí yóò gba pákó náà.

Ẹnubodè kejì ni láti wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ dé wọ́ọ̀dù ìmúbọ̀sípò. Níbi tí ètò bá dára, dókítà ìmúbọ̀sípò kì í dúró kí wọ́n tó pè é lọ́jọ́ ìkẹyìn. Láàrin ọjọ́ mélòó kan tí aláìsàn dé ni yóò ti wá wò ó, nígbà tí rọ́bà ṣì wà ní imú rẹ̀. Ìdí ni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni gìgísẹ̀ àti ìdí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, tí oríkèé sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Òun ni yóò sọ ìgbà tí ó tọ́ láti gbé e. Bí wọ́n bá gbé e kúrò kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀, òru ọjọ́ kejì ni wọn yóò sáré gbé e padà. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù, ara tí ìbá ti kọ́ iṣẹ́ padà yóò ti kọ́ ìdùbúlẹ̀.

Ẹnubodè kẹta ni láti ilé ìwòsàn dé ilé. Èyí ni ó léwu jù lọ. Dókítà àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò béèrè ohun tí aláìsàn kò retí pé dókítà lè béèrè. Àtẹ̀gùn mélòó ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ẹnu ilẹ̀kùn? Níbo ni ṣáláńgá wà? Ta ni yóò máa dìde lóru láti yí i padà, ṣé ìyàwó rẹ̀ tí ń lọ sọ́jà láti ìdájí ni, tàbí ọmọ tí ń lọ sílé ìwé? Lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí, wọn yóò kọ́ ará ilé kan ní iṣẹ́ náà nígbà tí aláìsàn ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ lọ sùn sílé fún alẹ́ kan tàbí méjì, kí ó padà wá sọ ohun tí ó ṣòro fún un, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tó wá jẹ́ kí ó lọ pátápátá.

Ẹnubodè kẹrin ni láti ilé dé ẹnu iṣẹ́. Akọpẹ wa kò lè gun ọ̀pẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le koko, ojú rẹ̀ sì mọ epo tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ó lè jókòó ta epo, ó lè sin adìẹ, ó lè kọ́ bí a ṣe ń tún rédíò ṣe. Dókítà ìmúbọ̀sípò yóò kọ ohun tí ara ẹni náà gbà sílẹ̀: wákàtí mélòó ni ó lè jókòó, ẹrù wo ni kò gbọdọ̀ gbé, ìgbà wo ni ó yẹ kí ó sinmi. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ oníṣẹ́ oṣù ni, ìwé yìí ni agbanisíṣẹ́ yóò fi mọ iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ fún un.

ÌWÉ TÍ Ń BÁ ALÁÌSÀN RÌN

Ní 2012, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ jọ ní ẹkùn-ẹkùn fún ìtọ́jú àwọn tí ó farapa gidigidi. London ti ṣáájú ní 2010. Lábẹ́ ètò yìí, ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lè kọjá ilé ìwòsàn kékeré kan, kí ó gbé ẹni náà lọ tààrà sí èyí tí ó tóbi, níbi tí gbogbo irinṣẹ́ wà. Bí ewu bá ti kọjá, wọn a dá a padà sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé aláìsàn kan lè ti ọwọ́ dókítà mẹ́ta sí mẹ́rin kọjá ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe là á sílẹ̀ pé kí wọ́n kọ ìwé kan fún ẹni tí ó farapa gidigidi, tí yóò máa bá a lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Bí dókítà ṣe ń kọ ìwé oògùn, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ìmúbọ̀sípò, tàbí àgbà òṣìṣẹ́ nínú àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ń kọ ìwé ìmúbọ̀sípò. Ohun tí ó farapa wà nínú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, ohun tí ẹni náà lè ṣe àti èyí tí kò tíì lè ṣe, irú ìtọ́jú tí ó kàn, àti ẹni tí yóò ṣe é. Àdàkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, NICE, àjọ tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ níbẹ̀, tẹ ìlànà kan jáde lórí ìmúbọ̀sípò lẹ́yìn ìfarapa. Ọ̀kan nínú ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ mọ ẹnìkan pàtó tí wọ́n lè pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

A kò sọ pé gbogbo nǹkan pé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ìmúbọ̀sípò kò tó wọn, àwọn kan sì ń dúró pẹ́ kí ó tó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń gba ẹ̀mí là. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan hàn yín.

Bí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn bá bàjẹ́ ní òkè àyà tàbí ní ọrùn, ohun kan wà tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà títí ayé rẹ̀. Bí rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ bá dí tí àpò ìtọ̀ sì kún, kò ní mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ru sókè lójijì. Orí yóò máa fọ́ ọ kíkankíkan, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, òógùn yóò sì máa bò ó lójú àti lọ́rùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ibà ni, yóò fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, yóò sì ní kí ó dùbúlẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ yẹn gan-an ni kò yẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè bẹ́ iṣan inú ọpọlọ, kí ó sì pa á. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n gbé e dìde jókòó kíá, kí wọ́n tú aṣọ tí ó fún un, kí wọ́n sì yẹ rọ́bà ìtọ̀ wò bóyá ó ti ká tàbí ó ti dí. Bí ìyẹn kò bá ti tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn kékeré létí oko lè máà tíì rí irú rẹ̀ rí. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ aláìsàn tí ó ṣàlàyé èyí ní ìlà mẹ́ta, nọ́ọ̀sì náà yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Ẹnìkan nínú yín lè wí pé, "Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ẹ ń sọ. Dókítà yìí dà ní ìlú wa?" Òótọ́ ni. Àwọn dókítà tí ó jẹ́ pé ìmúbọ̀sípò nìkan ni iṣẹ́ wọn kò tó nǹkan ní orílẹ̀-èdè wa. Ìṣòro náà sì kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n fi ìmúbọ̀sípò kún ètò ìlera wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àpérò àjọ náà ní Geneva fi ìpinnu gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn tí ìmúbọ̀sípò lè ṣe láǹfààní ní àgbáyé tó bílíọ̀nù 2.4.

A kò wà lọ́wọ́ òfo pátápátá. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, àwọn yunifásítì mìíràn sì ti darapọ̀ mọ́ ọn. Àwọn dókítà eegun wà, àwọn nọ́ọ̀sì sì wà. Ohun tí ó sábà máa ń ṣaláìsí ni ẹnìkan tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà eegun yóò rò pé nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì yóò rò pé oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni yóò sọ ọ́. Àwọn ará ilé yóò sì rò pé bí ohun kan bá kù ni, wọn ì bá ti sọ ọ́ fún àwọn. Ajá tí ó ní olówó méjì lè sùn nínú ebi, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì ti fún un lóúnjẹ.

Ẹnubodè karùn-ún tún wà nílé wa tí a kò gbọdọ̀ fi bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun ní ọ̀nà ìbílẹ̀, nítorí owó, tàbí nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò gé ẹsẹ̀. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ń kọjá ní ẹnubodè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń padà béèrè. Bí ìka ẹsẹ̀ tàbí ìka ọwọ́ bá tutù, bí ó bá dúdú, bí kò bá mọ ìgbà tí a fọwọ́ kàn án mọ́, tàbí bí ìrora náà bá ń le sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í, kì í ṣe àfọwọ́fà ayé. Ohun tí wọ́n fi dì í ló ti le jù, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ. Àìtètè ṣe èyí ni ó ń sọ ẹsẹ̀ tí ìbá jiná di ẹsẹ̀ tí wọ́n gé.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ kò lè di dókítà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè rí i pé ẹnìkan béèrè ohun tí dókítà ìmúbọ̀sípò ìbá béèrè. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá farapa, ẹ jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò mú ìwé ìkọ̀wé kan lọ́wọ́, kí ó sì kọ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kí aláìsàn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù:

Èkínní: Kí ni orúkọ ìfarapa náà, iṣẹ́ abẹ wo ni ẹ ṣe, irin wo ni ó sì wà nínú ara rẹ̀? Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Èkejì: Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ wo ni kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀, títí di ọjọ́ wo?

Ẹ̀kẹta: Oògùn wo ni yóò máa lò, ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́, ọjọ́ wo ni yóò sì dá a dúró?

Ẹ̀kẹrin: Bí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára rẹ̀, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, nígbà wo, àti níbo?

Ẹ̀karùn-ún: Báwo ni a óò ṣe máa yí i padà, tí a óò sì máa gbé e? Ẹ má ṣe gba àlàyé ẹnu nìkan. Kí ará ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹfà: Àmì wo ni a óò rí tí a óò fi sáré padà, ibo ni kí a sì gbé e lọ bí ó bá jẹ́ òru?

Èkeje: Ọjọ́ wo ni yóò padà wá, ta ni oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tí ó súnmọ́ ilé rẹ̀ jù lọ?

Bí orí ni ó fi gbá nǹkan, ẹ fi ìkẹjọ kún un: ìyípadà wo ni a óò rí nínú ìwà rẹ̀? Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ farapa lè máa gbàgbé, ó lè máa tètè bínú, ó lè sunkún láìnídìí. Bí wọn kò bá ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò rò pé ọkọ òun ti yí padà sí òun ni.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù, èyí sì ni ó kan ìgbìmọ̀ yín tààrà. Àṣà wa ni pé gbogbo owó tí ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ nígbà jàǹbá ni ó ń parí sí iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ sílé, kò sí kọ́bọ̀ mọ́ fún fóòmù tí yóò sùn lé, fún kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá abẹ́ abíyá, fún pákó tí a óò fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, tàbí fún owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. A dámọ̀ràn pé láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fọwọ́ sí owó ni kí ẹ ti pín in sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ilé ìwòsàn, èkejì fún ìpadàbọ̀ sílé. Kí akápò di ti ìkejì mú títí ọjọ́ yẹn yóò fi dé. Kí ẹ sì sún ọjọ́ ìsanpadà síwájú títí ẹni náà yóò fi lè ṣiṣẹ́, kí ẹ sọ fún àwọn onídùúró rẹ̀ kí ó má baà bá wọn lójijì. Ẹni tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lè san gbèsè. Ẹni tí egbò ìdùbúlẹ̀ pa kò lè san án, àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò sì kù sí.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ni jàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, ẹ rántí òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010. Òṣìṣẹ́ tàbí ẹni rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NSITF létí láàrin ọjọ́ 7. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sí àpò náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ lè wo ọ̀nà mìíràn. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wà nínú ètò adójútòfò. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ètò náà ní ìpínlẹ̀ yín bí ẹgbẹ́ ṣe lè wọlé lápapọ̀. Kí ó má ṣe gbàgbé láti béèrè bóyá fisiotẹ́rápì wà nínú ohun tí owó náà ń san fún.

A bẹ ẹ̀yin akọ̀wé pé kí ẹ ka ìbéèrè mẹ́jọ wọ̀nyí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó ń bọ̀, pàápàá fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí kò mọ̀wé kà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá ìpàdé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a lò ó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá dé, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa má ṣe bọ́ láàrin ilé ìwòsàn àti ilé, nígbà tí àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ láyé.